Rọ́bà Ló Ń Dí Omi, Irin Ló Ń Dì Í Mú

Bí ènìyàn bá mú kọ́pílìn sìténílẹ́ẹ̀sì dání níwájú ìsọ̀, ohun tó kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé á gbé e sí ìmọ́lẹ̀, á wò ó bóyá ó ń dán. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ pọ́ńbà náà ń ṣe é. Dídán yẹn kò sọ nǹkan kan fún wa. Kọ́pílìn tí a fi ń so páìpù ńlá mọ́ kékeré lójú ọ̀nà omi ìdọ̀tí, irin rẹ̀ kì í fara kan omi tó ń kọjá nínú páìpù rárá, àfi tó bá ti ń jò. Rọ́bà ló wà nínú, òun ló ń dí omi. Iṣẹ́ irin ni kó di rọ́bà náà mọ́ ara páìpù, kó má sì jẹ́ kí páìpù méjèèjì yẹ̀ kúrò níwájú ara wọn nígbà tí ilẹ̀ bá rì. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra ohun tó máa pẹ́, ìwọ̀n páìpù rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ mọ̀, lẹ́yìn náà ohun tó ń ṣàn nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà irú ilẹ̀ tó máa sin ín sí. Irin ló kẹ́yìn.

Ní Àyèká níbí, nílẹ̀ Ìkálẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ilé tó pọ̀ jù ni kò nílò kọ́pílìn onírin rárá. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí onílé tó lọ ná owó rẹ̀ dànù. Bó bá jẹ́ PVC tuntun lẹ fẹ́ so mọ́ PVC tuntun, tí ọ̀kan jẹ́ 2 ínṣì tí èkejì jẹ́ 4 ínṣì, rẹ́dúsà PVC àti gọ́ọ̀mù ti tó. Owó pọ́ọ́kú ni, kò ní súkúrù tó lè dípẹtà, bí ẹ bá sì nu ẹnu páìpù dáadáa kí ẹ tó fi gọ́ọ̀mù sí i, ó di ọ̀kan. Ibi tí kọ́pílìn onírin ti wúlò ni ibi tí gọ́ọ̀mù kò ti lè ràn wá lọ́wọ́, ìyẹn ojúkò tí páìpù àtijọ́ ti pàdé tuntun. Lára àwọn ilé tí ìjọba àti ìjọ Ọlọ́run kọ́ kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976, a ṣì ń rí èyí tó ń lo páìpù asibẹ́sítọ̀, páìpù irin dúdú tàbí páìpù amọ̀ sísun lábẹ́ ilẹ̀. Gọ́ọ̀mù PVC kì í mú ìkankan nínú wọn.

Mo mọ ohun tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ń ṣe níbi bẹ́ẹ̀. Wọ́n á tan iná, wọ́n á yan ẹnu PVC títí á fi rọ̀, wọ́n á fipá kì í bọ orí páìpù àtijọ́, wọ́n á wá fi sìmẹ́ńtì dì í yíká. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é, kò ní jò, wọ́n á sì gbowó wọn lọ. Ṣùgbọ́n PVC kì í dúró sójú kan. Páìpù oní-mítà 6, bí ooru ara rẹ̀ bá fi 20°C ga sí i, á fi nǹkan bíi mìlímítà 7 sí 8 gùn sí i. Bó bá tutù, á tún súnkì padà. Omi gbígbóná ń ti ilé ìdáná bọ̀, omi tútù ń ti balùwẹ̀ bọ̀, lójoojúmọ́. Sìmẹ́ńtì kì í nà, ńṣe ló máa ń là, gbòǹgbò igi á sì gba ojú ibi tó là wọlé torí omi. Ara PVC tí iná ti yan sì ti fẹ́lẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Rọ́bà inú kọ́pílìn máa ń gba nínà àti sísúnkì yẹn láyè, ohun tí a sì ń sanwó fún nìyẹn.

Ìwọ̀n ni iṣẹ́ gan-an. Ẹ má ṣe lọ sọ́jà lọ sọ pé "ẹ fún mi ní 4 sí 6 ínṣì." 4 ínṣì kì í ṣe ìwọ̀n kan ṣoṣo. Páìpù tí wọ́n ṣe ní ìlànà mìlímítà, 110 mm ni ẹ̀yìn rẹ̀ láti etí kan dé èkejì. Èyí tí wọ́n ṣe ní ìlànà Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní Schedule 40, 114.3 mm ni. Orúkọ kan náà làwọn méjèèjì ń jẹ́ lẹ́nu ọlọ́jà. Ti 2 ínṣì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: òmíràn jẹ́ 50 mm, òmíràn 60.3 mm. Ti asibẹ́sítọ̀ àti ti amọ̀ wá yàtọ̀ pátápátá, torí inú wọn ni wọ́n fi ń dárúkọ wọn, ara wọn sì nípọn. Èyí tí wọ́n pè ní 4 ínṣì nínú wọn lè sanra ju PVC 4 ínṣì lọ dáadáa.

Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ mìlímítà 4, ṣùgbọ́n bébà lè mọ̀ ọ́n. Mo máa ń ya bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára ìwé ìròyìn, mo fi yí páìpù po lẹ́ẹ̀kan kó lẹ̀ típẹ́típẹ́, kí ìpẹ̀kun rẹ̀ gun orí ìbẹ̀rẹ̀ láì dabùú, mo fi bírò sàmì síbi tí wọ́n ti pàdé, mo wá tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tépù irin. Bí ó bá jẹ́ 345 tàbí 346 mm, 110 ni páìpù yẹn. Bí ó bá jẹ́ 359, páìpù Schedule 40 ni. Fún èyí tí kò bá jẹ́ ọ̀kankan nínú wọn, ẹ fi 3.142 pín àyíká tí ẹ rí, ẹ ó mọ ìwọ̀n ẹ̀yìn rẹ̀. Ibi méjì ni mo ti ń wọn páìpù àtijọ́, torí ẹrù ilẹ̀ ti tẹ òmíràn pẹrẹsẹ díẹ̀, mo sì máa ń kọ́kọ́ ha ẹrẹ̀ àti ọ̀dà dúdú kúrò lára rẹ̀. Ọ̀dà tó bá ṣù jọ síbì kan, bó ti wù kó kéré tó, á ṣi ìwọ̀n mú, lẹ́yìn náà á tún gba abẹ́ rọ́bà la ọ̀nà fún omi.

Bó bá jẹ́ asibẹ́sítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ẹ̀rọ ìgérin oníná sún mọ́ ọn. Ayùn ọwọ́ ni kí ẹ lò, kí ẹnì kan sì máa da omi sí i bí ẹ ti ń gé e, kí eruku rẹ̀ má fò. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni eruku yẹn ń lọ, àrùn tó sì ń fà lè fi ogún sí ogójì ọdún sá pamọ́ kó tó yọjú. Bìrìtéènì fòfin de gbogbo oríṣi rẹ̀ ní 1999. Níbí, èmi ṣì ń bá àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi fáìlì gbo ó láì bo imú.

Lára kọ́pílìn tó dára, wọ́n máa ń kọ ààyè tí ẹnu kọ̀ọ̀kan lè gbà sí i, bíi 110–125 ní apá kan àti 160–175 ní apá kejì. Ẹ yan èyí tí ìwọ̀n yín bọ́ sí àárín ààyè náà. Bí páìpù bá jẹ́ 110 tí ẹnu kọ́pílìn sì bẹ̀rẹ̀ láti 110, súkúrù á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin kí rọ́bà tó mú, rọ́bà tó bá sì kákò lábẹ́ ọ̀já irin, ibẹ̀ ni yóò ti máa jò. Mo máa ń wá èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 100. Bí ọlọ́jà bá ní "ó máa gbà á, ẹ ṣáà fún un gidi," ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí irin. Ní 1913, ní Sheffield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Harry Brearley ń wá irin fún ìbọn tí yíyìn rẹ̀ kò ní tètè jẹ nínú, ó sì rí i pé èyí tí chromium inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 13 nínú ọgọ́rùn-ún, ásíìdì kò tètè mú un. Chromium yẹn ló ń bá afẹ́fẹ́ ṣe awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sójú irin. Bí a bá ha á, awọ mìíràn á tún bò ó, bí afẹ́fẹ́ bá ṣáà ń dé ibẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ kì í tó. Níbi tí ẹrẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọ̀já irin, tàbí lábẹ́ orí súkúrù tí omi ti dúró, awọ náà kò rí ohun tó máa fi tún ara rẹ̀ ṣe, ibẹ̀ sì ni irin ti ń lu.

Èyí tí wọ́n ń pè ní 304 ní chromium bí 18 àti nickel bí 8 nínú ọgọ́rùn-ún. 316 ní nickel díẹ̀ sí i, ó sì ní molybdenum 2 sí 3, tí í ṣe ohun tó ń bá iyọ̀ jà. Ní Àyèká, níbi tí omi abẹ́ ilẹ̀ kò níyọ̀, 304 ti tó lójú mi, owó tó lé lórí 316 sàn kí ẹ fi ra rọ́bà tó dáa. Bí ẹ bá kọjá sí ilẹ̀ Ìlàjẹ, tí ẹ dé Ayétòrò níbi tí òkun ti ń wọ ilé, ẹ má ra ohun tó yàtọ̀ sí 316. Ọ̀kan tún wà tí wọ́n ń pè ní 201, tí wọ́n fi manganese rọ́pò púpọ̀ nínú nickel rẹ̀ kó lè dínwó. Nínú ilé, fún ìkòkò àti ṣíbí, kò burú. Lábẹ́ ilẹ̀ tútù, kì í lálòpẹ́.

Òòfà tí mo yọ lára sípíkà rédíò tó bàjẹ́ wà nínú àpò iṣẹ́ mi. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọ̀já irin pinpin, 430 ni, tí kò ní nickel, tàbí irin lásán tí wọ́n fi nǹkan pa lára. 304 àti 316 kì í fà á, àfi fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ níbi tí wọ́n ti tẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n 201 náà kì í fà á, òòfà kò sì lè ya 304 sọ́tọ̀ lára 316. Nítorí náà, bí ọlọ́jà bá gbé òòfà jáde tó ní "ẹ wò ó, kò fà á, ojúlówó ni," ìdajì òótọ́ ló sọ.

Ara súkúrù ni òòfà ti wúlò jù. Àwọn tó ń ṣe kílíìpù, ìyẹn ọ̀já irin onísúkúrù, ní Yúróòpù ní àmì tí wọ́n ń tẹ̀ sára rẹ̀. W1 jẹ́ irin lásán tí wọ́n fi zinc bò látòkèdélẹ̀. W2, ọ̀já rẹ̀ jẹ́ sìténílẹ́ẹ̀sì, súkúrù rẹ̀ jẹ́ irin lásán. W3, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 430. W4, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 304, súkúrù pẹ̀lú. W5, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 316. W2 yẹn ló ń kó ìyà jẹ wá. Wọ́n ń tà á bíi sìténílẹ́ẹ̀sì, wọn kò sì parọ́ tán, torí ọ̀já rẹ̀ ń dán lóòótọ́. Mo ti hú kọ́pílìn jáde nílẹ̀ tí ọ̀já rẹ̀ ṣì mọ́ bí ọjọ́ tí wọ́n rà á, tí súkúrù rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun pupa, tí mo fi ìka bó o kúrò. Ọ̀já tí kò ní súkúrù kò di nǹkan kan mú mọ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi òòfà kan súkúrù kọ̀ọ̀kan. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn pinpin, ẹ dá a padà, àfi tó bá jẹ́ òkè ilẹ̀ lẹ fẹ́ lò ó sí, níbi tí ẹ ti lè máa rí i.

Ọ̀rọ̀ rọ́bà ló yẹ kó gba àkókò jù nílẹ̀ Ìkálẹ̀, òun sì ni wọn kì í béèrè. Rọ́bà tó pọ̀ jù nínú àwọn kọ́pílìn yìí ni EPDM. Ó dára fún omi, fún ooru, fún ọṣẹ, fún ọ̀pọ̀ ásíìdì. Ọ̀tá rẹ̀ ni epo. Ilẹ̀ tí a sì wà nìyí: ọ̀pẹ yí wa ká, ilé iṣẹ́ Okitipupa Oil Palm wà nítòsí, ọ̀pọ̀ ìyá ló sì ní ẹbu epo tirẹ̀ lẹ́yìn ilé. Omi tó ń jáde níbi ìfúnpo ńláńlá lè gbóná tó 80 sí 90°C bó ti ń jáde, ó kan, ó sì gbé epo dání. PVC lásán kò yẹ kó kọjá 60°C, nítorí náà kòtò ìtutù gbọ́dọ̀ wà kí omi yẹn tó wọ páìpù. Nínú ẹbu kékeré, ooru náà kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n epo wà níbẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́.

Ìyá kan pè mí síbi omi ẹbu rẹ̀. Páìpù 3 ínṣì láti ẹbu ló wọ inú páìpù asibẹ́sítọ̀ àtijọ́ tó kọjá lẹ́yìn ilé, wọ́n sì ti fi kọ́pílìn olówó gọbọi so wọ́n.

"Bàbá, ẹ ò rí i? Wọ́n ní irin yìí kì í dípẹtà."

"Kò dípẹtà náà, Ìyá. Ẹ fọwọ́ kan rọ́bà rẹ̀."

Ó fọwọ́ kàn án, ó sì tètè fà á padà. Rọ́bà náà ti wú bí ẹ̀wà tí wọ́n rẹ sómi mọ́jú, ó ti yọ́ jáde lábẹ́ ọ̀já irin ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́. Irin náà, ojúlówó 316 ni. Ẹni tó ta á fún wọn kò rẹ́ wọn jẹ, ohun tí wọ́n béèrè ló fún wọn.

Níbi tí epo bá ń gbà kọjá, rọ́bà nitrile ni kí ẹ béèrè, tí wọ́n máa ń kọ NBR sí lára. Neoprene wà láàárín àwọn méjèèjì, mo lè lò ó fún omi ilé ìdáná tí epo rẹ̀ kò pọ̀. Dúdú ni gbogbo wọn, ojú kò lè yà wọ́n, ìwé tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ ni ẹ ó kà. Bí kò bá sí ìwé kankan lára rẹ̀, mo máa ń gé ègé kékeré lára rọ́bà tó bá ti bàjẹ́ láti inú irú ẹrù kan náà, mo fi ìlà yí i lórí bébà, mo jù ú sínú ìgò epo pupa lílọ́wọ́ọ́rọ́, mo sì fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí mo bá gbé e padà sórí ìlà yẹn tó ti tóbi jù ú lọ, kì í ṣe fún ẹbu.

Ti omi ẹ̀gẹ́ fúyẹ́ díẹ̀. Omi tó ń jáde lára gàrí àti púpurù kan púpọ̀, ó sì ń gbé ìyẹ̀fun tó máa ń dì dání, ṣùgbọ́n EPDM lè gba ásíìdì bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń bà á jẹ́ níbẹ̀ ni pé bó bá ti jò díẹ̀, omi kíkan yẹn á máa rọ sórí irin. Kẹ́míkà tí wọ́n ń da sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀: òmíràn jẹ́ ásíìdì hydrochloric, òmíràn jẹ́ chlorine, méjèèjì sì ń lu sìténílẹ́ẹ̀sì ní ihò wẹ́wẹ́, 316 pàápàá. Kọ́pílìn tó ń jò ń jẹ ara rẹ̀ láti ìta.

Lórí bí ẹ ó ṣe dojú rẹ̀ kọ, n kò ní pẹ́. Inú kékeré ni omi ti gbọ́dọ̀ máa bọ́ sínú ńlá, kò gbọdọ̀ ti inú ńlá bọ́ sínú kékeré láéláé. Bí ẹ bá da 160 pọ̀ mọ́ 110 lódì, tí àárín wọn sì bára mu, ẹ ti mọ ògiri bíi mìlímítà 25 sí ìsàlẹ̀ páìpù. Ẹ̀yìn ògiri yẹn ni ìdọ̀tí á máa jókòó sí. Mo mọ ilé kan tí wọ́n fi rọ́ọ̀dù gún lóṣooṣù nítorí èyí, tí wọ́n ń bú àwọn ọmọ pé wọ́n ń ju àkísà sínú ihò. Kò sí àkísà níbẹ̀.

Níbi tí ilẹ̀ wa ti jẹ́ iyanrìn, bí òjò oṣù kẹfà àti ìkeje bá dé, kòtò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dí máa ń rì. Ẹ má ra kọ́pílìn tó jẹ́ rọ́bà àti kílíìpù méjì lásán fún abẹ́ ilẹ̀. Èyí tó ní àwo irin fífẹ̀ tó bo gbogbo rọ́bà láàárín ni kí ẹ rà, torí àwo yẹn ni kì í jẹ́ kí páìpù tó wúwo rọ̀ sílẹ̀ tí tuntun yóò fi dúró lókè. Kí ẹ tó ti páìpù bọ̀ ọ́, ẹ fi fáìlì pa etí mímú rẹ̀, ẹ sì fi omi ọṣẹ ra rọ́bà. Ẹ má fi gírísì tàbí epo ra á, ẹ ti mọ ìdí. Páìpù méjèèjì gbọ́dọ̀ wọlé dé ibi àmì tí ẹ ti fà sí wọn lára tẹ́lẹ̀.

Ẹ máa fún súkúrù lápá ọ̀tún díẹ̀, ẹ bọ́ sí tòsì díẹ̀, títí. Ọ̀pọ̀ kọ́pílìn Amẹ́ríkà, 60 inch-pound ni wọ́n ní kí a fún un dé, tó jẹ́ nǹkan bíi Nm 6.8. Sípánà olórí T kan wà tó máa ń já ara rẹ̀ gbà bó bá dé ibẹ̀, ó sì yẹ kí ẹni tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun ra ọ̀kan. Àwọn tó ń fi sípánà gígùn fún un ń ya ojú eyín ọ̀já irin, wọ́n á sì ní kọ́pílìn náà kò dáa.

Ọjà Òkìtìpupa kì í fi bẹ́ẹ̀ ní àwọn tí mo ń sọ wọ̀nyí. Èmi a máa ránṣẹ́ sí Èkó, sí Odúnadé ní Orílé, mo sì ń kọ ìwọ̀n ẹ̀yìn méjèèjì, irú rọ́bà àti W4 sórí bébà fún dírẹ́bà, n kì í sọ ọ́ lẹ́nu. Bó bá dé, mo tún yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú òòfà kí n tó san àṣẹ́kù.

Bí a bá so ó tán, a máa ń dí ìsàlẹ̀ páìpù, a ó fi omi kún un, a ó sì ti bébà gbígbẹ sábẹ́ kọ́pílìn sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Rọ́bà máa ń dẹ̀ díẹ̀ lóru àkọ́kọ́, nítorí náà a tún fi sípánà olórí T yẹn kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i. Iyanrìn tí kò ní òkúta ni a fi ń bò ó, kí a tó da ilẹ̀ padà. Lẹ́yìn èyí, mo fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri tó sún mọ́ ọn: bí ó ṣe jìnnà sí ògiri tó, bí ó ṣe jìn tó nílẹ̀, ọdún tí a sin ín, àti NBR tàbí EPDM.